Orúkọ Tí Mo Fagi Lé

Kábà, Ọjọ́rú, 12 oṣù Kẹjọ, 1992

Iṣẹ́ ìsinmi tí olùkọ́ ètò ìlú fún wa ní yunifásítì ni mo bẹ̀rẹ̀ lónìí: kí a wọ ogún ilé, kí a kọ orúkọ àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Ilé wa ni mo fi ṣáájú, mo rò pé òun ló máa rọrùn jù. Mo kí Màmá ní "Okun o" bí àlejò. Ó rẹ́rìn-ín, kò fi ẹ̀gúsí tó ń bó sílẹ̀.

Ó ka àwa márùn-ún fún mi, mo kọ ọ́. Mo wá ní Bọ̀ọ̀dá Báyọ̀ ti ń ṣiṣẹ́ ní Lọ́kọ́ja láti ìgbà tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀, Àǹtí Fúnkẹ́ sì ti wà nílé ọkọ ní Kàdúná.

"Bẹ́ẹ̀dì wọn ńkọ́?"

Mo ní fọ́ọ̀mù ò béèrè bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tí kò bá ti gbélé fún oṣù mẹ́fà, a kì í kà á mọ́ ọn.

"Ìwọ náà ńkọ́?"

N kò ronú débẹ̀. Họ́sítẹ̀ẹ̀lì ni mo wà láti oṣù Kẹwàá èṣí. Mo fagi lé orúkọ mi. Ó ku Bàbá àti Màmá, yàrá mẹ́rin. Lójú olùkọ́ wa, ilé tó láyè dáadáa nìyẹn.

Màmá wo ibi tí mo fagi lé. Ó ní ọbẹ̀ ti jinná, kí n lọ gbé abọ́ mi wá.