Olú Tó Hù Sẹ́yìn Mi

Màámi àtàtà,

Ẹ kú ọ̀rinrin òjò yìí. Ara mi ti ń le sí i, ẹ jẹ́ kọ́kàn yín balẹ̀.

Lọ́jọ́ tí dókítà sọ ohun tó ń dun ẹ̀yìn mi, Fadila ọmọ mi ló ń túmọ̀. Ẹ mọ̀ pé Abidjan níbí la bí i sí, Yorùbá rẹ̀ ò dá múṣémúṣé. Dókítà ní champignon ni. Fadila ní, "Màámi, olú ló hù sínú egungun ẹ̀yìn yín." Mo ní, "Ṣé ẹ̀yìn mi ti wá di ọ̀gán ni?" Nígbà tó sọ ọ́ ní Faransé, dókítà rẹ́rìn-ín títí. Ó ní orúkọ kan náà ni Faransé ń pe olú àti èyí tó ń hù lára búrẹ́dì tó ti bu, pé ti búrẹ́dì yẹn ni tèmi, pé kì í sábà wọ egungun, àfi ti ẹni tí oògùn jẹjẹrẹ bá ti lé ẹ̀ṣọ́ ara rẹ̀ lọ, bíi tèmi yìí. Oògùn tiẹ̀ náà wà, wọ́n ń fà á sí mi lára.

Gèlè tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ dára. N kì í ṣí i lórí.

Ẹ bá mi sá olú ọ̀gán pamọ́. Ẹ kí Bàbá àti gbogbo ilé l'Ógbòmọ̀ṣọ́. Ẹ sọ fún wọn pé mo jókòó kọ lẹ́tà yìí, kò sì sẹ́ni tó dì mí mú.

Jẹ̀mílà yín