Òyìnbó Rò Pé Ère Ni Bàbá Rẹ

Chizuru, ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé ò ń jẹun dáadáa? Kí àwọn babańlá wa má jẹ̀ẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin Tókíò, tí wọ́n ń kó yín sí bí ẹja gbígbẹ, tẹ̀ ọ́ mọ́ ilẹ̀kùn. Níbí, yìnyín orí òrùlé ilé olódi ti ń yọ́, àwọn tó ń wá wòran ìlú sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya wọlé.

O mọ̀ pé láti ìgbà tí bàbá rẹ ti ti ìsọ̀ ẹní rẹ̀ pa, kò sọ̀rọ̀, kò rẹ́rìn-ín, ó kàn ń jókòó nídìí tábìlì ìyáná, á dijú pa. Mo mọ̀ pé torí ẹ̀ lo ṣe ní ká ta ilé ká wá bá ọ, tí ọkùnrin tó fẹ́ rà á fi ń bọ̀ ní Sátidé. Ọ̀rọ̀ ti yí o.

Afẹ́fẹ́ ló gbé ìwé ààbò kan, irú èyí tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà kí ibi má bàa wọlé, wá sí àgbàlá wa, onígun mẹ́rin, àmì dúdú wẹ́wẹ́ kún ojú ẹ̀ bí yánmọtí lórí ìrẹsì. Ẹnu ọ̀nà ilé jagunjagun àtijọ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, níbi tí wọ́n to ère èèyàn sí fún àwọn tó ń wòran, ni mo ti máa ń rí irú ẹ̀. Àwọn àlejò á na fóònù sí i, wọ́n á tẹrí ba, wọ́n á wọlé. Mo ní ohun tí gbogbo ayé ń tẹrí ba fún kò yẹ kó sùn nílẹ̀. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà tiwa, mo pàtẹ́wọ́, mo tọrọ àlàáfíà fún bàbá rẹ.

Omi tíì ò tíì hó tí òyìnbó tọkọtaya fi wọlé. Wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n ń wo gbogbo nǹkan. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n há sínú fóònù wọn ló ń bá wọn sọ èdè wa. Mo bu tíì fún òun náà, kò mu ún. Ó jọ pé wọn kì í jẹ́ kó sinmi. Òun ló ní ìyáàfin yìí sọ pé ère yìí mà dára o, irun imú ẹ̀ dà bíi tòótọ́. Ìyáàfin bá sún mọ́ bàbá rẹ, ìyẹn sì sín! Obìnrin náà pariwo, ó ṣubú lu ọkọ ẹ̀, ọkọ jókòó gbì sínú bàsíà ẹ̀fọ́ tí mo rẹ síyọ̀. Bàbá rẹ lajú, ó wò wọ́n, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Chizuru, ẹ̀rín! Mo ti gbàgbé pé eyín ẹ̀ kan ti yọ lápá òsì.

Ọkọ tọrọ àforíjì títí, ó wá ní kí ọmọ inú fóònù bi mí pé eélòó ni bàbá yìí. Mo ní kì í ṣe títà, àmọ́ bí wọ́n bá máa gbé e lọ, kí wọ́n mọ̀ pé ó ń hanrun. Bàbá rẹ ní irọ́ ni, èmi ni mò ń hanrun. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ láti ìgbà ìkórè nìyẹn! Ló bá dìde, ó ń ṣàlàyé bó ṣe hun ẹní yàrá òkè ilé olódi, tíì wọn tutù kó tó dákẹ́.

Nígbà tí ọmọbìnrin kan láti ọ́fíìsì ìlú wá gba ìwé náà padà, tó ní ti ilé jagunjagun ni, bàbá rẹ ní kó ṣe tiwa fún wa. Ní báyìí, ní àràárọ̀, á wọ aṣọ iyì, á jókòó, á dijú, á máa retí ẹni tó máa dẹ́rù bà.

Torí náà, sọ fún ọkùnrin Sátidé pé ilé ò sí fún títà mọ́. Jọ̀wọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún tíì àti tìmùtìmù ìjókòó, àmọ́ inú àpòòwé ni kó o fi í sí. Ọmọbìnrin inú ẹ̀rọ báńkì tẹrí ba fún mi, èmi náà tẹrí ba, kí n tó gbórí sókè, ó ti gbé káàdì mi mì.

Bàbá rẹ ní bó o bá ń bọ̀, ẹ̀yìnkùlé ni kó o gbà wọlé, pé iwájú ti di ti àlejò. Má dá a lóhùn. Láàárọ̀ yìí ni mo rí i tó ń sá ibùsùn rẹ sóòrùn.

Kí ọ̀nà là fún ọ, kí ẹsẹ̀ rẹ má kọ̀.

Ìyá rẹ,
Shigeno