Wáyà Tó Gbé Ojú Yín Wá

Màámi,

Mo kí yín láti Toronto. Wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ láti Ìkirè dé Apòmù yìí mà ṣe bẹbẹ o. Tẹ́lẹ̀, tí a bá pe ara wa lórí fídíò, òjìji lásán ni mo máa ń rí. Lánàá, àfi bíi pé mo dúró nídìí agbada dòdò yín: mo rí òróró tó ń hó, mo rí ewú tuntun lórí yín. Háà ló ṣe mí.

Àwọn ọkùnrin tí ẹ rí tí wọ́n sùn sílẹ̀ lẹ́yìn mi nígbà tí mo dọ̀bálẹ̀ kí yín, àlejò ni wọ́n. Fáàrí ni kóòtù tí mo wọ̀ nínú ilé.

Iṣẹ́ ń lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa fi ohùn nìkan sọ̀rọ̀. Àwòrán yẹn ti hàn kedere jù.

Ẹ bá mi kí Fọláṣẹwà àbúrò mi.

Akíndèjì yín