Ta Ló Ní Kí O Máa Sanwó Jábọ́?

Ọmọ mi,

Mo kí ọ. Ìyá rẹ náà kí ọ, àmọ́ ó ní kí n má sọ fún ọ pé òun kí ọ, nítorí náà má dá a lóhùn. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè bóyá ara rẹ le, ṣùgbọ́n mi ò ní béèrè, torí ẹni tí wọ́n dè mọ́ àga, tí wọ́n gbé lọ sókè réré, tí wọ́n dorí ẹ̀ kodò, tí wọ́n tún jù ú sísàlẹ̀ bí àpò sìmẹ́ǹtì, tó sì dìde lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, ara onítọ̀hún le. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ara náà rọ̀. Àmín. Àdúrà parí, ìbínú ló kù. Wá ibì kan jókòó kí o kà á.

Ilé wà bí o ṣe fi í sílẹ̀. Ògiri ẹ̀yìnkùlé tí mo mọ ti gbẹ, ó tọ́, ẹnikẹ́ni tó bá ní ó wọ́ ni ojú ẹ̀ wọ́. Ajá wa bímọ, gbogbo ọmọ náà jọ ajá wẹ́dà tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa bí ìmumu, wẹ́dà sì ń sẹ́. Ìròyìn ilé kò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìwọ ni ìròyìn tó wà nílẹ̀.

Fídíò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyá rẹ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò sí ọ̀rọ̀ kankan nínú ẹ̀. Kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí ẹ má bẹ̀rù. Ojú rẹ nìkan la rí. Irin kan tó nípọn tó apá mi tẹ̀ ọ́ lórí èjìká méjèèjì, o di irin náà mú, ẹnu rẹ là débi pé mo rí eyín tí wọ́n dí fún ọ ní kékeré, omi sì ń jáde lójú rẹ, àmọ́ kò ṣàn wálẹ̀, òkè ló ń lọ, ó ń gba iwájú orí rẹ kọjá. Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, mi ò rí ẹkún tó ń gòkè rí. Ìyá rẹ ní wọ́n ti mú un. Mo ní àwọn wo? Ó ní ṣé òun mọ orúkọ wọn ni, wọ́n ti mú un, wọ́n dè é, wọ́n ń fìyà jẹ ẹ́, wọ́n sì fi àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ kí a lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré.

A pe nọ́ńbà rẹ. Obìnrin kan ló gbé e, ó ní ẹni tí à ń pè kò sí nítòsí. Mo ní níwọ̀n ìgbà tó ti mọ̀ pé ọmọ mi kò sí nítòsí, á jẹ́ pé ó mọ ibi tó wà, kó jọ̀ọ́, kó tú u sílẹ̀. Ó tún sọ ohun kan náà. Mo bú u, kò yí ohùn padà. Ìyá rẹ gba fóònù, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì, ó bẹ̀ ẹ́ lórúkọ ìyá tó bí i, obìnrin náà kò tilẹ̀ dúró kó parí ọ̀rọ̀. Mo ti wá gbọ́ báyìí pé inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n máa ń ní kí ẹ kó fóònù sí níbi iṣẹ́ rẹ tí ẹ ti ń di oògùn sínú páálí. Ṣé o kò lè kọ́kọ́ ṣàlàyé fídíò náà kí o tó lọ kó fóònù sí kọ́bọ́ọ̀dù ni?

Wẹ́dà ló gbọ́ igbe ìyá rẹ, ó fò wọlé. Ó gba fóònù, ó wò ó, ó tún un wò, ó ní irin náà nípọn lóòótọ́, ẹni tó sì jó o pọ̀ mọ́ iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dán, àmọ́ kò sí irin tí òun kò lè gé. Ó kó ayùn irin, òòlù àti sípánà sínú àpò, ó fi géètì télọ̀ sílẹ̀ láìjó o tán, télọ̀ sì ń bú wa títí di bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí. Ìyá rẹ mú aṣọ rẹ kan fún mi, ó ní bóyá wọ́n ti fa tọrùn rẹ ya. Bàtà tí mo wọ̀ kì í ṣe méjì tó bára mu, inú bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí ìlú rẹ ni mo ti rí i.

Gbogbo bọ́ọ̀sì ni mo sọ fún. Ìyá àgbàlagbà kan tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi gbàdúrà títí a fi rìn jìnnà, àwọn tó kù ń ṣe àmín. Ni akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tó wà lẹ́yìn bá ní kí n jẹ́ kí òun wo fídíò náà, ó wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Díẹ̀ ló kù kí ọwọ́ mi dé etí rẹ̀. Ó ní bàbá, ẹ má bínú, òun mọ ibẹ̀, ọgbà ìgbafẹ́ ni, ojú ọ̀nà ńlá ló wà, awakọ̀ á já yín sí ẹnu ọ̀nà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé a ti mọ ilé tí wọ́n tì ọ́ mọ́.

Nígbà tí a débẹ̀, orin ni wọ́n ń lù kíkankíkan. Mo sọ fún wẹ́dà pé orin náà ni wọ́n fi ń bo igbe àwọn èèyàn mọ́lẹ̀, kò sì bò ó, torí a ń gbọ́ wọn lórí wa, wọ́n ń ké, wọ́n kọjá, wọ́n tún yí padà wá, wọ́n ń ké. Gáàdì yẹ àpò wẹ́dà wò, ó rò pé a wá tún nǹkan ṣe ni, ó ní kí a kó irinṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Wọ́n ní kí a sanwó. Mo ní owó ìràpadà rẹ nìyẹn, mo san án, mi ò dúnàádúrà. Wọ́n so bébà kan mọ́ mi lọ́wọ́ bíi ti ọmọ tuntun ní ilé ìwòsàn. Pákó kan tún wà lójú ọ̀nà tí wọ́n fa ilà sí, gbogbo ẹni tó bá ń kọjá ni wọ́n ń mú dúró tì í kí wọ́n fi wò bó ṣe ga tó. Bí mo ṣe rí i báyìí, mo fa wẹ́dà lápá. Mo sọ fún un pé pósí ni wọ́n ń wọ̀n yẹn.

Ìlà gígùn kan wà níwájú, ọ̀dọ́ ló pọ̀ nínú ẹ̀, irin wà ní ọ̀tún àti òsì wọn bíi ti àgọ́ màlúù. Mo bi àwọn mẹ́ta kan pé kí ni wọ́n ṣe, ta ló mú wọn. Mo fi fídíò rẹ hàn wọ́n. Ni wọ́n bá pariwo lẹ́ẹ̀kan náà pé háà, Ìjókòó Iwájú! Wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pè ọ́ nìyẹn, torí o kì í jókòó sẹ́yìn. Wọ́n ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi lo máa ń wá. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó dè ọ́, ìwọ lò ń lọ jókòó sínú ọkọ̀ eré tó ń sáré lórí irin lókè yẹn, ìwọ lò ń fa irin náà sára. Wọ́n tún ń bá mi yọ̀, wọ́n ní bàbá, ọmọ yín láyà!

Ọmọ mi, ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti tán lára mi, tí inú bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi. Ọjọ́ ìsinmi. Ọjọ́ tí o ní iṣẹ́ ń pa ọ́, tí o kò lè wálé.

Wọ́n ní ẹ tilẹ̀ ní ẹgbẹ́. Ẹ máa ń ṣèpàdé, ẹ sì ń jíròrò irú ọkọ̀ eré tí ẹ fẹ́ kí àwọn tó ni ọgbà náà kọ́ tẹ̀lé e, bí ẹni pé èyí tó wà nílẹ̀ kò burú tó. Ọ̀kan nínú wọn ní òun fẹ́ èyí tó máa ga ju ti ìsinsìnyí lọ ní ìlọ́po méjì. Èkejì ní òun fẹ́ kó máa fi ẹ̀yìn rìn nínú òkùnkùn, kí ẹnikẹ́ni má mọ ibi tó ń lọ. Ọmọbìnrin tó wà láàárín wọn, tó gé irun mọ́lẹ̀, ní òun fẹ́ kí ó jáni sílẹ̀, kó dúró, kí èèyàn máa rò pé ó ti tán, kó tún wá jáni sílẹ̀. Mo bi í bóyá ẹnì kan ló ṣẹ̀ ẹ́ nílé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní tòun ṣì dáa, pé ìwọ lo máa ń béèrè èyí tó le jù. O ní o fẹ́ ìjábọ́ tó gùn, pé gbogbo èyí tó wà ti kúrú jù fún ohun tí o fẹ́ sọ. Mo ní kí lọmọ mi fẹ́ máa sọ lójú òfuurufú? Ó ní òun náà kò mọ̀.

Jẹ́ kí n bi ọ́ wàyí. Nínú gbogbo ilé tó wà láyé, ṣé ilé tiwa ló yẹ kí ẹnì kan ti jáde lọ máa jábọ́ ṣeré? Orí òrùlé ilé ìwé ni ẹ̀gbọ́n rẹ wà, ó ń kan páànù, oòrùn ń ràn, kò sí òjò, kò sí atẹ́gùn, ó sì jábọ́, kò dìde mọ́. Èmi ni mo mọ ògiri tó gùn. Láti ọjọ́ náà, o mọ̀ pé mi ò gun àkàbà mọ́, ibi tí ọwọ́ mi bá tó láti ilẹ̀ ni mo ń mọ bíríkì dé. Ìyá rẹ kì í jáde kọjá ẹnu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ nínú ilé, àti èmi, àti ìyá rẹ, àti ìwọ. Ìwọ wá ń sanwó!

Mo fẹ́ yí padà kí n máa lọ. Àmọ́ irin wà lọ́tùn-ún lósì, èèyàn ti kún ẹ̀yìn mi, wẹ́dà sì ti wà níwájú, ó ní òun fẹ́ fojú kan ibi tí wọ́n ti jó irin náà pọ̀. Kí n má parọ́ fún ọ, inú tún ń bí mi débi pé mo fẹ́ mọ ohun tó dùn níbẹ̀ ju ilé bàbá rẹ lọ. Mo jókòó. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tẹ irin mọ́ mi léjìká, ó ní kí n gbádùn ara mi. Mo ní Ọlọ́run á dá a fún un.

Ó ń fà wá lọ sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń dún kàkà, kàkà, kàkà. Mo dijú. Nígbà tó dúró, mo lajú, òrùlé ni mo rí, òrùlé gbogbo ìlú, páànù ń dán nínú oòrùn. Ó wá jù wá sílẹ̀.

Orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ ni mo pè. Mi ò gbèrò ẹ̀, ẹnu mi ló là, tí ó jáde. Mo pariwo ẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kó dì mọ́ nǹkan kan. Mo pè é dé ìdajì, a ti dé ìsàlẹ̀, irin náà ti ń yí wa po, ìdajì tó kù há sí mi lọ́fun. Kò sẹ́ni tó wò mí. Kálukú ń ké tiẹ̀. Ìgbà yẹn ni ohun tí ọmọbìnrin yẹn sọ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi, tí mo mọ ohun tí o máa ń lọ sọ níbẹ̀.

Nígbà tí wọ́n tú wa sílẹ̀, wẹ́dà ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fi oyè dá lọ́lá, ó tún sáré lọ tò sórí ìlà. Wọ́n ti ya àwòrán wa lókè, wọ́n gbé e sára ògiri. Mo rò pé ọlọ́pàá ni wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n pa tèmi rẹ́, torí ẹkún wà lójú mi níbẹ̀, òkè ni tèmi náà sì ń lọ. Wẹ́dà ra tiẹ̀, ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ báyìí.

Àdúgbò rẹ ni bọ́ọ̀sì wa gbà kọjá nígbà tí a ń padà. Mi ò sọ̀. Nígbà tí o wá pè nírọ̀lẹ́, tí o ń rẹ́rìn-ín pé wọ́n ní àwọn rí bàbá rẹ lọ́gbà, mo pa fóònù mọ́ ọ lẹ́nu, mi ò sì tọrọ àforíjì. Inú ń bí mi pé o dẹ́rù bà wá. Inú ń bí mi pé o purọ́ iṣẹ́ fún wa. Àmọ́ èyí tó dùn mí jù ni pé o rí ibi tí èèyàn ti lè pe orúkọ ọmọ yẹn, o sì fi àwa tí a bí i sílẹ̀ sínú ilé tó dákẹ́ yìí, o ń dá lọ.

Mo sọ fún ìyá rẹ. Ó ń ká aṣọ. Ó bi mí bóyá mo pe orúkọ náà sókè. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní títí dé òpin? Mo ní ìdajì. Ó ní ìwà mi nìyẹn, mi ò kì í parí nǹkan. Ó wá gbé aṣọ náà sílẹ̀, ó sì pè é fúnra rẹ̀, gbogbo ẹ̀, láìpariwo, bí ẹni tó ń pe ọmọ wá jẹun. A sọ̀rọ̀ rẹ̀ títí ohun tó wà lórí iná fi jóná.

Fi owó ọkọ̀ èèyàn méjì ránṣẹ́, kí o sì fi owó ẹnu ọ̀nà ọgbà náà kún un, torí mi ò tún ní san owó ìràpadà fún ẹni tí wọn ò mú. Má bi mí ta ló ń bọ̀. Ìyá rẹ ti jáde lónìí. Ó rìn dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń tún bàtà ṣe, ó ní kó rán okùn mọ́ bàtà òun ní gìgísẹ̀, kó le dáadáa, torí mo ti sọ fún un pé ẹsẹ̀ máa ń rọ̀ dirodiro níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run tó ń bá ọ gòkè máa bá ọ sọ̀ kalẹ̀. Kí irin má yẹ̀ lára rẹ. Kí ohùn rẹ má há.

Èmi ni bàbá rẹ, inú ṣì ń bí mi.