Ìtàn Ìgbésí Ayé Onílẹ̀kùn, Ẹni Tí Ó Kú Sínú Ilé Ara Rẹ̀

Ní ọdún 1950 ni wọ́n bí Bàbá wa tí à ń sin lónìí, nínú yàrá kékeré kan tó wà lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé. Bàbá wọn àgbà ló kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wọ àdúgbò náà, ìdí nìyẹn tí gbogbo ayé fi ń pe ìdílé wọn ní Ilé Alátàdáwà, ìyẹn ilé oníyíǹkì. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ jogún ẹ̀rọ náà, ìyá wọn sì jẹ́ aránṣọ. Lọ́jọ́ ìbí wọn, ẹ̀rọ ń pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí bàbá ọmọ kò fi gbọ́ igbe ọmọ. Ìgbà tí agbẹ̀bí fa ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́yìn ló tó mọ̀ pé ọmọ ti dé. Láti ìgbà náà ni ariwo ti di orin tí wọ́n fi ń rẹ Bàbá lẹ́kún. Tí ẹ̀rọ bá dákẹ́ pẹ́nrẹ́n, wọ́n á jí, wọ́n á sì fi igbe ta.

Ní ọdún 1956 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní ọdún 1962. Ọpọlọ wọn pé, ìdí wọn ni kò gba ìjókòó. Olùkọ́ wọn kọ ọ́ sínú ìwé àbájáde ìdánwò pé, "Ọmọ yìí mọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹ bá mi bi í léèrè ibi tó ń lọ." Ibẹ̀ ni ìwé mọ, nítorí bàbá wọn ń wá ẹni tí yóò ràn án lọ́wọ́ nídìí ẹ̀rọ. Wọ́n kọ́ bí a ṣe ń to lẹ́tà òjé tí a fi ń tẹ̀wé láti òpin ọ̀rọ̀ wá sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ọwọ́ wọn sì yá ju ti ọ̀gá wọn lọ.

Ní ọdún 1974, ọ̀dọ́mọbìnrin kan wá sí ilé ìtẹ̀wé láti tẹ ìwé ìkéde fún ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀. Ó jókòó, Bàbá ń yí i po.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Òòyì ti ń kọ́ mi."

Bàbá ní, "Tí mo bá jókòó, o ò ní rí gbogbo ara mi wò."

"Mo ti rí i. Kò tó nǹkan."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Bàbá tẹ ìkéde náà, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣì í tẹ̀, kí ọmọ ọlọ́mọ lè máa padà wá. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti gbé e níyàwó. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ.

Ní ọdún 2004, ìjọba ìgbà náà fi òfin dí aráàlú lẹ́nu. Ilé ìtẹ̀wé mẹ́ta kọ̀ láti tẹ ìwé tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń béèrè ẹ̀tọ́ wọn. Bàbá tẹ̀ ẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta kan ni àwọn sójà dé. Wọ́n da lẹ́tà òjé sí títì, wọ́n wa ọkọ̀ gun orí rẹ̀. Bàbá àti ìyàwó wọn ti bá ẹ̀yìn ilé sá lọ. Ẹ̀yìnkùlé aládùúgbò méje ni wọ́n là kọjá kí wọ́n tó bọ́ sí ojú ọ̀nà, kò sì sí aládùúgbò kan tó béèrè ohun tí wọ́n ń wá. Ẹnìkan tiẹ̀ ká okùn aṣọ rẹ̀ sókè kí wọ́n lè kọjá. A kò padà síbẹ̀ mọ́.

Ní ìlú òkèèrè tí a sá dé, ilé ìfọṣọ ni wọ́n ti ríṣẹ́, wọ́n ń lọ aṣọ bẹ́ẹ̀dì àwọn òtẹ́ẹ̀lì. Iṣẹ́ ìdúró ni, ó bá wọn lára mu. Láàárín ogún ọdún, ilé méje ni a gbé. Bí àlejò kan bá ń béèrè ọ̀nà nísàlẹ̀ ilé, tó sì wo òkè lẹ́ẹ̀mejì, Bàbá á ní, "Ìyá wọn, ẹrù dà?" Nígbà tó yá, ìyàwó wọn kì í béèrè ìdí mọ́; ó ti mọ ìkòkò tó ń kọ́kọ́ wọ àpò àti èyí tó ń gbẹ̀yìn. Àwọn ọmọ-ọmọ wa rò pé gbogbo ilé ayé ló ń gbé báàgì mẹ́rin sẹ́nu ọ̀nà.

Ní ọdún 2010 ni Bàbá dá Ẹ̀yìnkùlé sílẹ̀. Ibi ìjíròrò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni, fún àwọn tó bá ìjọba jà tí ìjọba sì lé kúrò nílé. Ẹ lè wà ní ìlú onílùú, kí ẹ máa yan búrẹ́dì, kí ẹ máa wẹ arúgbó ní ilé ìtọ́jú, tí ẹ bá ti ṣí i lórí fóònù, ẹ ti wà láàárín àwọn tó mọ ohun tó lé yín. Nígbà kan, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni wọ́n fi jiyàn lórí iye ọdún tí olórí lè lò lórí àlééfà, ní ìlú tí ẹnìkan nínú wọn kò lè fẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í lo orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé. Alábúrẹ́dì wà níbẹ̀, Nọ́ọ̀sì wà níbẹ̀, Tísà Ìṣirò wà níbẹ̀. Bàbá ló ń gba ẹni tuntun wọlé, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè wọ́n ní Onílẹ̀kùn.

Bàbá náà ló ṣe òfin ibẹ̀. Kí ọ̀sán tó pọ́n lójoojúmọ́, kí olúkúlùkù kọ ọ̀rọ̀ kan péré: "Mo wà." Ẹni tí kò bá kọ ọ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, kí a gbà pé ìjọba ti mú un. Láti ọjọ́ kẹrin, ohunkóhun tó bá wá láti orí fóònù rẹ̀, ọlọ́pàá ló ń kọ ọ́. Tó bá sì jẹ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ Ẹ̀yìnkùlé, ìyẹn àṣẹ láti ṣí i tàbí láti tì í, wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n mú, kí a ti Ẹ̀yìnkùlé pa ní ọjọ́ keje, kí a pa gbogbo ọ̀rọ̀ ibẹ̀ rẹ́, kí olúkúlùkù sì kó kúrò níbi tó ń gbé. A kò ní purọ́, òfin yìí gba ẹ̀mí là. Ní ọdún 2013 wọ́n mú awakọ̀ kan nínú wọn, ọlọ́pàá sì gba fóònù rẹ̀, ó ń fi orúkọ rẹ̀ béèrè ibi tí kálukú ń gbé. Ẹnìkan kò dá a lóhùn.

Ṣùgbọ́n a kò ní sọ ìtàn yìí ní ààbọ̀. Ní ọdún 2016, ibà dá Nọ́ọ̀sì dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ márùn-ún. Nígbà tó dìde, ó pe Bàbá lórí fóònù, ó ń sunkún, "Bàbá, èmi ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi." Ìyàwó wọn wà nítòsí, ó ń ṣa ẹ̀wà.

Ó ní, "Ọmọ yìí ti jẹun nínú abọ́ mi. Ohùn ẹ̀ nìyẹn."

Bàbá ní, "Ohùn ẹ̀ ni. Ta ló dúró tì í tó fi ń sọ ọ́?"

"Ibà ló dúró tì í!"

"Òfin ni."

"Òfin tí ẹ̀yin fúnra yín jókòó ṣe?"

"Ìdúró ni mo wà tí mo fi ṣe é."

Lọ́jọ́ mìíràn à bá rẹ́rìn-ín. Bàbá kò ṣílẹ̀kùn. Ọdún mẹ́jọ ni Nọ́ọ̀sì fi wà níta. Bàbá ṣe àṣìṣe níbẹ̀ yẹn, ìyàwó wọn sì sọ ọ́ sí wọn lójú nígbà ayé wọn.

Ní ti ẹ̀sìn, Bàbá gba Ọlọ́run gbọ́, ṣùgbọ́n àga tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà ni tiwọn nínú ilé ìjọsìn, wọn kì í sì í dúró de àdúrà ìparí. Àlùfáà ní ẹ̀yìn wọn lòun mọ̀ ju ojú wọn lọ. Ní àdúgbò, wọ́n ń kọ lẹ́tà fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, wọ́n sì ń bá aboyún àti aláìsàn tò sórí ìlà ní ọ́fíìsì tí àwọn àlejò ti ń gba ìwé ìgbélùú láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Wọ́n ní isinmi ni ìdúró jẹ́ fún àwọn.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù tó kọjá, nínú ọdún 2024 yìí, ní aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, bí wọ́n ṣe ń múra àtijáde, Bàbá jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì. Ìjókòó yẹn ló kọ́kọ́ ba ìyàwó wọn lẹ́rù. Dókítà ní ọkàn wọn ló dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni wọ́n.

Ẹkún gbalé. Ta ni yóò rántí fóònù? Inú àpò ṣòkòtò tó so kọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ló wà, bátìrì rẹ̀ sì ti kú. Ọjọ́ kẹrin ni àkọ́bí wọn obìnrin tó fi í sí iná mànàmáná. Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọlé. "Onílẹ̀kùn, a ò tíì rí yín o." "Bàbá, ẹ kọ ẹyọ kan péré, ẹ jọ̀ọ́." Ọmọ náà kọ ọ́ pé, "Bàbá wa ti kú, lórí bẹ́ẹ̀dì wọn. Ọmọ wọn ló ń kọ eléyìí."

Alábúrẹ́dì dáhùn pé, "Ọlọ́pàá, ẹ káàárọ̀ o. Ìgbà wo lẹ di ọmọ Bàbá?"

Òmíràn ní, "Ẹ wo bí wọ́n ṣe mọ ẹkún sun lórí fóònù!"

Ọmọ náà ya fọ́tò Bàbá níbi tí a tẹ́ wọn sí, ó fi ránṣẹ́. Ó rò pé ọ̀rọ̀ á tán síbẹ̀. Tísà Ìṣirò ló fèsì: "A ti rí i. Ẹ ti pa wọ́n."

Ìyàwó wọn wá gba fóònù, ó sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀ kí wọ́n lè gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi ni o. Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn wọ́n."

Èsì tó padà wá ni: "Ẹ̀yin ìkà, ẹ fi Màmá sílẹ̀!"

Ní ọjọ́ keje, Tísà Ìṣirò, tí kọ́kọ́rọ́ kejì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kọ ọ́ pé, "Ẹ̀yìnkùlé ti parí. Kí kálukú dìde." Ìjíròrò ọdún mẹ́rìnlá sì pòórá bí ìgbà tí wọ́n fi aṣọ tútù nu pátákó ilé ìwé. Òfin Bàbá ni wọ́n tẹ̀ lé, wọ́n sì tẹ̀ lé e dáadáa. Ìyẹn ló ń dunni jù.

Nọ́ọ̀sì nìkan ló wá kan ilẹ̀kùn wa, nítorí òfin kò mú òun mọ́. Ọsibítù tí a gbé òkú Bàbá lọ, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ló ti gbọ́. Ó ní òun gba iwájú ilé Alábúrẹ́dì kọjá: ààrò ti tutù, ìyẹ̀fun tí ó pò ti wú kúrò nínú abọ́, ó ti dà sórí tábìlì, ẹnikẹ́ni kò sí nílé. Obìnrin kan nínú wọn ti yọ ọmọ rẹ̀ kúrò nílé ìwé nígbà tí ìdánwò ku ọ̀sẹ̀ méjì. Ènìyàn mọ́kànlélógójì ló ń sá kiri báyìí, tí ẹnìkan kò sì lé wọn. Láti ọjọ́ náà, ìyàwó Bàbá kò lè fìdí lé àga. Láti fèrèsé dé ẹnu ọ̀nà, láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé.

Nítorí àwọn tó ń sá kiri yìí ni a ṣe tẹ ìwé yìí ju èyí tí ìsìnkú gbà lọ, tí a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ilé ìfọṣọ, ibùdókọ̀ àti ilẹ̀kùn ilé búrẹ́dì. Nítorí wọn náà ni a ṣe kọ àṣìṣe Bàbá mọ́ ọn. Àkọ́bí wọn ní, "Màmá, ta ló ń kọ irú eléyìí sínú ìwé ìsìnkú?" Ìyá rẹ̀ ní, "Ọlọ́pàá á kàn yìn wọ́n tàbí kó bú wọn ni. Ẹni tó bá wọn gbé fún àádọ́ta ọdún ló lè sọ wọ́n bí wọ́n ṣe wà."

Bàbá fi ìyàwó sáyé lọ, àti ọmọ mẹ́rin, ọmọ-ọmọ méje, ọmọ-ọmọ-ọmọ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn tí kò sì gbà kí wọ́n gbé òun mọ́, àbúrò ọkùnrin kan tó ṣì wà nílé lọ́hùn-ún, àti ènìyàn mọ́kànlélógójì tí a kò mọ orúkọ wọn. Nọ́ọ̀sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọmọ. A ti kà á mọ́ wọn.

Bí a ṣe fẹ́ gbé ìwé yìí lọ fún atẹ̀wé ni Tísà Ìṣirò ránṣẹ́ sí Nọ́ọ̀sì. Kò sọ ibi tó wà. Ìbéèrè kan péré ló béèrè: tó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ilé ni Onílẹ̀kùn kú sí, kí ni wọ́n sọ kẹ́yìn? Àwọn ọmọ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀kan ní kí a kọ ọ́ pé Bàbá ní kí ìjà máa tẹ̀síwájú. Òmíràn ní kí a ní wọ́n pe orúkọ ìlú wa. Ìyàwó wọn kọ̀. Ó ní òun nìkan lòun wà níbẹ̀.

Tísà, ìdáhùn yín nìyí. Bàbá wo ẹsẹ̀ wọn, wọ́n ní, "Ìbọ̀sẹ̀ kejì dà?" Ìyàwó wọn ní, "Ẹ ti wọ méjèèjì sí ẹsẹ̀ kan." Nígbà tó máa gbójú sókè kí wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, wọ́n ti lọ.

Kò sí ìjọba kankan nínú rẹ̀. Ẹ padà sílé. Ẹ tan ààrò, ẹ dá ọmọ padà sílé ìwé.

Bàbá, ẹ sùn o. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ yín náà rí oorun sùn.