Aago Ẹ̀gbẹ́ Ibùsùn Bàbá Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, Ọwọ́-Kíá,

Ṣé ara rẹ le bí lẹ́tà yìí ṣe tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́? Tèmi le, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Jókòó kí o tó kà á.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bàbá rẹ ṣubú láti orí ibùsùn. Wọ́n tẹ aago tí wọ́n fi ń pè mí, èyí tí o tún ṣe nígbà tí o wá kí wa, wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, kò dún. Èmi wà ní ṣọ́ọ̀bù níwájú ilé, mò ń tún fáànù oníbàárà ṣe, mo tiẹ̀ ń kọrin. Láti aago mẹ́sàn-án títí di ọ̀sán ni ọkọ mi fi wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo gbé oúnjẹ wọlé, wọ́n ní, "Mo rò pé o ti rìnrìn àjò ni."

Mo tú aago náà. Inú rẹ̀ kò fẹ̀ ju àtàǹpàkò lọ, ibẹ̀ lo kó oríkèé wáyà méjèèjì sí lójú kan náà! O kàn fọwọ́ lọ́ wọn pọ̀, o wé téèpù tó nípọn lé wọn, o wá fipá pa ìdérí dé. Ìdérí yẹn ló já wáyà. Kí ni mo kọ́ ọ? Lápá kan, gé wáyà pupa kúrú, kí dúdú gùn. Lápá kejì, yí i padà, kí oríkèé wọn má bàa pàdé. Yọ́ òjé sí i, fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, kí o sì fà á wò. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ṣùgbọ́n mọ́tò ń dúró dè ọ́, àbí?

Bàbá rẹ ní, "Ọmọdé ni, fi sílẹ̀." Ọmọdé wo? Ẹni tó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀!

Ibi tó dùn mí jù nìyí: èmi tí n kì í jẹ́ kí wáyà kankan kúrò lọ́wọ́ mi láìfà á wò, tìrẹ ni n kò fà. Mo tẹ aago lẹ́ẹ̀kan, ó dún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yangàn pé ọmọ mi ló ṣe é. Bí mo ṣe ń bú ọ yìí, mò ń bú ara mi.

Eegun kankan kò ṣẹ́, ìbàdí ló ń dùn wọ́n. Mo ti tún wáyà náà so. Ìwọ náà, lọ tú gbogbo èyí tí o fi ìkánjú so fún àwọn ẹlòmíràn.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dójú tì ọ́. Wàá fi ọwọ́ náà jẹun pẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ tí inú ṣì ń bí.

Mo tún rántí: bàbá rẹ kò fẹ́ kí n fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ ọ́ ni wọ́n ti ń tẹ aago kí n lè dìde. Ó ti dún lẹ́ẹ̀mẹ́tàdínlógún. Kí wọ́n ṣáà máa tẹ̀ ẹ́.