Fọ́tò Mi ní Abúlé Ẹ̀gbá

Màmá mi, ẹ kú ilé, ẹ sì kú àárò mi. Uswat ni. Òótọ́ ni Ìyá Sùlíyá sọ fún yín, èmi ni wọ́n rí nínú fọ́tò gàgàrà tó wà létí títì ní Abúlé Ẹ̀gbá, tí mo gbé ìwé dání, tí mò ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà tí lẹ́sìnnì ọ̀fẹ́ àwọn tó fẹ́ wọ yunifásítì ṣì wà ládùúgbò wa ní Oko Ọba ni wọ́n yà á láti fi polówó rẹ̀. Wọ́n ti mú un gbòòrò báyìí, wọ́n sì ti gbé e lọ sí gbọ̀ngàn ńlá kan ní Aláúsá, kí ọmọ púpọ̀ lè jàǹfààní. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kí n tó kúrò níléeṣẹ́ bisikíìtì dé ibẹ̀, wọ́n á ti parí. Ẹ má ronú nítorí iṣẹ́ náà, fún ìgbà díẹ̀ ni. Wọ́n tiẹ̀ máa ń fún wa ní èyí tó bá fọ́.

Abẹ́ fọ́tò yẹn ni mo ti ń dúró de ọkọ̀ iléeṣẹ́ láràárọ̀. Kò tíì sẹ́ni tó dá mi mọ̀.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Ẹ kí Jubril àbúrò mi náà. Mo gbọ́ pé ó fẹ́ wá bá mi kàwé l'Ékòó. Ẹ ní kó ṣì dúró tì yín ná. Tí Ìyá Sùlíyá bá ya fọ́tò náà sórí fóònù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Jubril rí i.